Ǹjẹ́ ó yẹ kí wọ́n gba ẹlẹ́wọ̀n láàyè láti mu sìgá?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Manchester:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Àríyànjiyàn kan wáyé láàárín èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, a kò sì rí i yanjú, mo wá ní kí n gbé e wá síwájú yín, torí mo mọ̀ pé agbẹjọ́rò wà láàárín yín, àwọn tó ti bá ẹlẹ́wọ̀n ṣiṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀.

Nígbà tí òfin lé sìgá kúrò nílé ọtí, nílé oúnjẹ àti níbi iṣẹ́ ní England lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2007, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ẹlẹ́wọ̀n: ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18 lè mu tirẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n tì í mọ́. Ó di oṣù Kìíní ọdún 2016 kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba sìgá náà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n Wales ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú mẹ́rin ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn England, tí Exeter àti Dartmoor wà lára wọn, wọ́n sì ń gbé e kiri títí ó fi kárí gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń ti ènìyàn mọ́ pinpin, nígbà tó di ọdún 2018. Scotland ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2018.

Ibi tó ti ń rú mi lójú nìyí. Adájọ́ tó rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì gba òmìnira rẹ̀, ìyẹn nìkan sì ni ìjìyà tó kà sí i létí. Sìgá kì í ṣe igbó, kì í ṣe kokéènì. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìjọba sì ń gba owó orí lórí rẹ̀. Bí ẹni tó ti ń mu ún láti kékeré bá dé ẹ̀wọ̀n tí wọ́n já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, ṣé kì í ṣe ìjìyà kejì ni wọ́n fi lé ti àkọ́kọ́ yẹn, tí adájọ́ kò sì dá a? Èmi fúnra mi kì í mu sìgá, òórùn rẹ̀ kì í sì í bá mi lára mu, àmọ́ mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ rí sí i.

Baálé Ilé:

Ìbéèrè yín dára, ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé ẹnì kan nínú rẹ̀. Wọ́dà ńkọ́? Wọ́dà kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni, kò fi ayédèrú ìwé gba owó olówó; iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló wá ṣe. Bí ọgọ́ta ẹlẹ́wọ̀n bá ń fa sìgá ní ọ̀wọ́ yàrá kan, tí wọ́dà náà sì ń ṣílẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ títí di alẹ́, òun náà ti mu sìgá lọ́jọ́ yẹn bí kò tilẹ̀ fi ẹnu kàn án. Òfin tó dáàbò bo ẹni tó ń gbé ọtí fún oníbàárà, kí ló dé tí kò fi ní dáàbò bo ẹni tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n?

Ní ti ẹlẹ́wọ̀n fúnra rẹ̀, n kò rò pé ó yẹ ká máa ké lé e lórí. Ẹni tó wọ ẹ̀wọ̀n kò rí ọtí mu mọ́, kò rí ìyàwó rẹ̀ bá sùn, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìjìyà kejì. Kí ló wá fi ti sìgá yàtọ̀?

Ìyá Ṣadé:

Baálé Ilé, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀rọ̀ wọ́dà, àmọ́ sìgá yàtọ̀ sí ọtí nínú ẹ̀wọ̀n, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìlera ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní àríwá England, mo wà níbẹ̀ kí òfin náà tó dé, mo sì tún wà níbẹ̀ lẹ́yìn tó dé.

Kó tó dé, èéfín kì í kúrò nínú ilé yẹn. Ilé àtijọ́ ni, tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria. Yàrá tí wọ́n kọ́ fún ẹnì kan ni ènìyàn méjì ń sùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, fèrèsé kò sì ṣí ju ibi tí ọwọ́ lè gbà lọ. Bí mo bá ń pín oògùn láàárọ̀, èéfín ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi bí ìlẹ̀kùn bá ti ṣí. Bí mo bá délé, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí n tó gbé ọmọ mi. Ìlànà wà pé wọn kò gbọdọ̀ fi ẹni tí kì í mu sìgá sínú yàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń mu ún; ṣùgbọ́n bí ọgbà bá kún àkúnya, tí ọkọ̀ kóòtù bá tún já àwọn tuntun sílẹ̀ lọ́wọ́ alẹ́, ibi tí bẹ́ẹ̀dì bá ti ṣófo ni wọ́n ń fi ènìyàn sí. Mo mọ ọkùnrin kan tí mímí ń nira fún, tó máa ń fi àpò ìrọ̀rí bo ẹnu àti imú sùn nítorí ẹni tí wọ́n jọ wà.

Ẹ wá gbọ́ ti owó. Tábà ni owó inú ẹ̀wọ̀n nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni ẹlẹ́wọ̀n ń kọ ohun tó fẹ́ rà sínú fọ́ọ̀mù canteen, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù inú ọgbà, wọ́n á yọ iye rẹ̀ nínú pọ́n-ùn díẹ̀ tó rí níbi iṣẹ́ inú ọgbà, wọ́n á sì kó ọjà náà dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ẹni tí tábà rẹ̀ bá tán ṣáájú ọjọ́ náà á lọ yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bó bá yá ọ̀kan, méjì ni yóò dá padà, double bubble ni wọ́n ń pè é. Bí kò bá rí i san, èlé á gun orí èlé. Mo ti wẹ ojú ọgbẹ́, mo ti di ìka tó kán, nítorí gbèsè tí kò tó owó búrẹ́dì. Àwọn mìíràn á mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ara wọn léṣe, kí wọ́n lè gbé wọn kúrò nítòsí ẹni tí wọ́n jẹ.

Nígbà tí òfin dé, àwọn ọ̀gá rò pé gbèsè yóò bá a lọ. Kò bá a lọ. Owó tábà tí wọ́n ń jù wọlé láti ẹ̀yìn odi fò sókè ní ìlọ́po púpọ̀, vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì, sì gba ipò tí tábà wà tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n fi ń ná ọjà. Àwọn mìíràn ń ha nikotíìnì (èròjà inú tábà tó ń di bárakú) ara patch tí a fún wọn láti lẹ̀ mọ́ apá, wọ́n á pò ó mọ́ ewé tíì, wọ́n á sì fi ojú ìwé Bíbélì wé e. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Queensland ní Ọsirélíà lẹ́yìn tí wọ́n fòfin de sìgá níbẹ̀ lọ́dún 2014, débi tí àwọn onímọ̀ fi lọ yẹ èéfín rẹ̀ wò, wọ́n sì bá májèlé nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, mo fara mọ́ òfin náà. Ní Scotland, wọ́n wọn afẹ́fẹ́ inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣáájú òfin àti lẹ́yìn rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, èéfín inú afẹ́fẹ́ ti lọ sílẹ̀ ju ìdá 80 nínú 100 lọ. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2014 lórí ẹ̀wọ̀n àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn pé ikú tí àìsàn sìgá ń fà fi ìdá 9 nínú 100 dín kù níbi tí wọ́n ti fòfin dè é. Èmi kò nílò ìwádìí láti mọ̀ pé ọkùnrin tó ń fi ìrọ̀rí bo imú yẹn yóò sùn dáadáa.

Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí wọ́n gba sìgá lọ́wọ́ ènìyàn kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú bárakú rẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ni ara máa ń béèrè rẹ̀ jù: oorun á dá, inú á máa bí i, ọkàn á máa lù. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn kan náà ló wá jẹ́ ìgbà tí ẹlẹ́wọ̀n tuntun wà nínú ewu jù lọ láti pa ara rẹ̀. Ẹ tún wo ti àwọn tó ń lo oògùn àìsàn ọpọlọ. Èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lo oògùn bíi clozapine tán, nítorí náà dókítà lè ti fún ẹni tó ń mu sìgá ní ìwọ̀n tó pọ̀. Bó bá wọ ẹ̀wọ̀n lónìí tí sìgá sì dáwọ́ dúró lónìí, ìwọ̀n kan náà yóò pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Patch kò lè dí i, vape kò lè dí i, nítorí èéfín ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, kì í ṣe nikotíìnì. Àfi kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n sì dín oògùn kù. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí kò ní òṣìṣẹ́ tó mọ èyí kò tíì múra sílẹ̀ láti gba sìgá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Agbẹjọ́rò Bódìjà:

Ẹ kú àlàyé, Ìyá Ṣadé. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí apá òfin, nítorí ibẹ̀ ni Ọmọ Ìjẹ̀bú ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ẹlẹ́wọ̀n kan tó ń jẹ́ McKinney ní ìpínlẹ̀ Nevada pe àwọn aláṣẹ lẹ́jọ́ pé wọ́n fi òun sínú yàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń mu páálí sìgá márùn-ún lóòjọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dáhùn lọ́dún 1993, adájọ́ méje sí méjì, pé ẹlẹ́wọ̀n kò ní láti dúró di ìgbà tí àìsàn bá gbé e dè kó tó wá sí kóòtù. Bí ewu ọjọ́ iwájú tí wọ́n fi í sí bá le tó, tí àwọn aláṣẹ sì mọ̀ ọ́n tí wọ́n dágunlá, ó lè jẹ́ ìjìyà ìkà tí òfin orílẹ̀-èdè náà kọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí kò mu sìgá ni kóòtù ṣílẹ̀kùn fún.

Ẹjọ́ kejì jẹ́ ti England, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n kan ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Wymott, tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá, sọ pé wọ́n ń mu sìgá ní àwọn ibi tí gbogbo wọn jọ ń lò, àti pé òfin ìlera ọdún 2006, èyí tó lé sìgá kúrò nílé ọtí, kọ ìyẹn. Ilé ẹjọ́ gíga dá a láre lọ́dún 2015, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà lọ́dún 2016, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2017, Adájọ́ Lady Hale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin náà kò de ìjọba Ọbabìnrin fúnra rẹ̀, nítorí àwọn aṣòfin kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dè é. Ẹ rí i pé òfin tó lé sìgá kúrò nílé ọtí kò ní agbára lórí ẹ̀wọ̀n ìjọba rárá. Ìlànà tí àwọn aláṣẹ ẹ̀wọ̀n gbé kalẹ̀ ló lé e kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti New Zealand, tí wọ́n fòfin dè é lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2011. Arthur Taylor, tó wà lẹ́wọ̀n ní Auckland, lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, ó sì borí ní oṣù Kejìlá ọdún 2012. Kóòtù kò sọ pé sìgá jẹ́ ẹ̀tọ́ o. Ohun tó sọ ni pé òfin ẹ̀wọ̀n kò fún ọ̀gá ọgbà ní agbára láti ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ìjọba sì lọ tún òfin ṣe.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó sọ sìgá di ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ní ti ìjìyà kejì tí Ọmọ Ìjẹ̀bú ń sọ, èrò tèmi ni pé ohun tí a ṣe láti fi jẹ ènìyàn níyà yàtọ̀ sí ohun tí a ṣe láti fi gba ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ ewu. Àmọ́ ẹni tó bá sọ pé ààbò ni òun ń ṣe kò gbọdọ̀ kọjá ibi tí ààbò náà dé. Ibi tí mo ti ń ṣiyèméjì nìyẹn: ẹni tó dá wà nínú yàrá tirẹ̀, tó sì fẹ́ mu sìgá ní gbangba ìta, ta ló ń pa lára níbẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Manchester:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ohun tí agbẹjọ́rò fi parí ọ̀rọ̀ ni èmi náà ń rò. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ṣadé, ẹ tún bá mi wo ti Melbourne ní Ọsirélíà. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2015, nígbà tó ku ọjọ́ kan péré kí òfin bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Victoria, àwọn ẹlẹ́wọ̀n dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní ọgbà tí wọ́n ń pè ní Metropolitan Remand Centre ní Ravenhall, wọ́n wó ògiri, wọ́n sì dáná sun nǹkan. Ó pẹ́ tí àwọn aláṣẹ ti kéde òfin náà. Ṣé bí ẹ̀yin ṣe ń sọ pé kí wọ́n múra sílẹ̀ yìí, ó ń dènà irú rẹ̀?

Ìyá Ṣadé:

Ẹ wo irú ọgbà tó jẹ́. Àwọn tí wọn kò tíì dá lẹ́jọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹni tí ọlọ́pàá mú lánàá kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kéde ní ọdún tó kọjá, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ètò láti jáwọ́, ó sì ń retí àtilọ sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìkéde fún ilé kì í ṣe ìkéde fún ẹni tó ń wọlé tó ń jáde. Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, àwọn tó ń ṣẹ̀wọ̀n ọlọ́jọ́ gígùn ló tètè gbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń jáwọ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Àwọn tí kóòtù ṣẹ̀ṣẹ̀ rán wá ló fún wa níṣẹ́. Nítorí náà, bí ètò bá máa wà, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ tí ènìyàn dé.

Ajíhìnrere Ọgbà Ẹ̀wọ̀n:

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti Ìbàdàn, ó sì ń ṣe mí bíi pé ayé mìíràn lẹ ń sọ. Èmi àti àwọn ará ìjọ mi máa ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kan nílẹ̀ Yorùbá níbí láti wàásù, a sì máa ń kó ọṣẹ àti gàrí lọ. Ní Nàìjíríà, èyí tó ju ìdá 60 nínú 100 lọ lára àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ni kóòtù kò tíì dá lẹ́jọ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí ní Èkó, ènìyàn 800 ni wọ́n kọ́ ọ fún, iye tó ń wà níbẹ̀ sì máa ń ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Ẹ wá fojú inú wo yàrá kan tí ènìyàn ti lé ní ogójì, tí wọ́n ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn débi pé bí ẹnì kan bá fẹ́ yí padà, gbogbo ìlà náà ní láti yí padà. Ẹni tó jẹ́ olórí yàrá ló ń pín ibi tí kálukú ń sùn. Ẹni tó bá ní owó á sún mọ́ fèrèsé. Ẹni tí kò ní, ẹsẹ̀ ilé ìgbẹ́ ni ibùsùn rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń fa sìgá máa ń dúró sí lóru. Ọmọkùnrin kan tí kò ju ogún ọdún lọ sọ fún mi pé òun kò mu sìgá rí, àmọ́ ikọ́ ti ń yọ òun lẹ́nu láti ìgbà tí òun ti débẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó lè sọ bóyá èéfín ni tàbí ikọ́ fée, nítorí wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí òfin ṣì kà sí aláìlẹ́bi ni ọmọ yẹn o!

Baálé Ilé, ọ̀dọ̀ wa, ibi tí sìgá bá gbà wọlé ni igbó ń gbà wọlé. Wọ́dà tó bá di ojú sí ọ̀kan nítorí owó ẹ̀yìn, kò ní lajú sí èkejì. Òfin tábà ọdún 2015 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ta sìgá ní ẹyọ ẹyọ, pé páálí tó ní ogún ó kéré tán ni kí wọ́n tà. Nínú ẹ̀wọ̀n, ẹyọ kan náà ni wọ́n ń pín fa. Mo bi agbẹjọ́rò: ǹjẹ́ òfin kankan wà tí a lè fi gba ọmọ yẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ èéfín?

Agbẹjọ́rò Bódìjà:

Ajíhìnrere, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí tábà, wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 2005. Àdéhùn náà ní kí ìjọba dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ èéfín tábà nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀wọ̀n jẹ́ ibi iṣẹ́ fún wọ́dà, ilé sì ni fún ọmọ yẹn, kò tilẹ̀ ní ibòmíràn tó lè sá lọ. Bí mo bá máa gba ẹjọ́ rẹ̀ rò, ọ̀nà tí McKinney gbà ni n óò gbà, n kò sì ní dúró lórí sìgá nìkan: ìkúnya yàrá náà ni n óò kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́. Òfin ẹ̀wọ̀n tuntun ti ọdún 2019 ti fún àwọn aláṣẹ ní agbára láti kọ ẹlẹ́wọ̀n tuntun bí ọgbà bá ti kún kọjá ìwọ̀n tí wọn kò sì ṣe nǹkan sí i. Kí wọ́n lo agbára náà. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ọ̀gá ọgbà lè pàṣẹ lónìí pé kí ẹni tó bá fẹ́ fa sìgá fà á nínú àgbàlá lọ́sàn-án, kí yàrá wà láìsí èéfín lóru. Ìyẹn kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Baálé Ilé:

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ti Nàìjíríà yìí sì dùn mí. Ṣùgbọ́n lórí ti àgbàlá, bí wọ́n bá gbà á láàyè níta, kí ni yóò dá a dúró kó má padà wọlé? Ẹni tó ní ìṣáná lápò lọ́sàn-án, ó ní i lápò lóru. Mo sì tún fẹ́ bi Ìyá Ṣadé: vape tí wọ́n ń fún wọn ní England yìí, owó ta ni wọ́n fi ń rà á? Èmi tí mò ń san owó orí ni àbí àwọn?

Ìyá Ṣadé:

Ní England, wọ́n ń gbà á láàyè níta ní àwọn ọgbà tí kò ní odi, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde sí, ní àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Àwọn yẹn ń lọ síbi iṣẹ́ láàárín ìlú, wọ́n sì ń padà wá fúnra wọn. Ní ọgbà tí wọ́n ń ti ènìyàn mọ́ pinpin, ẹ̀rù tó ń ba Baálé Ilé náà ló ba àwọn aláṣẹ, mo sì rò pé wọ́n jàre, nítorí ìṣáná àti lighter kò ṣeé kà tán lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ní ọgbà tí Ajíhìnrere ń sọ, tí èéfín ti wà nínú yàrá tẹ́lẹ̀, àgbàlá sàn ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì gba ìṣáná lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n bá ń wọlé.

Ní ti owó vape, àwọn fúnra wọn ló ń rà á, nínú owó iṣẹ́ wọn, lórí fọ́ọ̀mù canteen kan náà. Ní ọ̀dọ̀ wa, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lálẹ́ àkọ́kọ́ nìkan ni kì í sanwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tó bá ń gbà. Ní Scotland ni wọ́n ti pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí òfin fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá wo iye tí ìjọba ń ná láti tọ́jú ẹlẹ́wọ̀n kan tí jẹ́jẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró mú, pẹ̀lú wọ́dà méjì tó ń ṣọ́ ọ ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù tọ̀sán tòru, ẹ ó rí i pé ti Scotland kò wọ́n.